Ọ̀pá Kan Kán Nínú Aago Bàbá Wa: Ṣé Idẹ Ni Ká Fi Rọ́pò Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Jikpan nílùú Minna níhìn-ín ni mo ń gbé. Rélùwéè ni bàbá tó bí bàbá mi bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń padà sílé, bàbá ra aago ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tó ń dá dúró nílẹ̀ nínú àpótí tó ga ju ènìyàn lọ. Aago yìí ló kàn mí nínú ogún. Ó máa ń kọrin ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí wákàtí bá sì pé, á lu iye tó pé.

Ohun tó ń dààmú mi rè é. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ kán. Àwọn yòókù náà kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohùn wọn há, nígbà mìíràn a sì máa ń gbọ́ ariwo kan tó ń ṣe “sásásá” lábẹ́ orin náà. Oníwẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè jó ọ̀pá náà pọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká yọ gbogbo rẹ̀ dànù, ká lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ní Bida kí wọ́n rọ ọ̀pá idẹ fún wa, torí pé idẹ ló ń dún jù. Ó rántí aago ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé páìpù gígùn ló wà nínú rẹ̀, tó sì ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ohun tí wọ́n fi ṣe é ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Kí ni kí n ṣe? Ó tún ku ọ̀kan: àwọn ọmọ-ọmọ mi ní aago náà kì í jẹ́ kí àwọn sùn lóru.

Ọmọ Onírélùwéè, Jikpan, Minna

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ogún. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ bá mi dá oníwẹ́dà yẹn dúró. Ọ̀pá aago tí a bá jó pọ̀ kì í padà dún bó ṣe yẹ. Iná á mú kí irin tí wọ́n dìídì mú le rọ̀, ojú ibi tí a jó á wú, ìwọ̀n rẹ̀ á yàtọ̀, ohùn rẹ̀ á sì yapa sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ di àjákù méjèèjì, kí ẹ tọ́jú wọn. Wọ́n á wúlò fún wa láìpẹ́.

Ní ti àbúrò yín, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá máa ń yí ohùn rẹ̀ padà, ó sì ń yí i padà gan-an. Ṣùgbọ́n irin kì í ṣàdédé yí padà nínú ọyẹ́ kan ṣoṣo. Bí àwọn ọ̀pá tó kù bá dún dáadáa lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n wá há lọ́dún yìí, ohun tó dì wọ́n mú àti ohun tó ń lù wọ́n ni kí á kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti irin náà ná, torí ẹ béèrè, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ní nílé.

Ẹ wá òòfà kékeré kan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn aago náà, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí lókè. Ẹ ó rí búlọ́ọ̀kù irin kan tó wúwo, tí wọ́n fi síkúrù dè mọ́ pátákó ẹ̀yìn. Inú búlọ́ọ̀kù yìí ni orí àwọn ọ̀pá náà wọ̀ sí; ìdí wọn so rọ̀ sísàlẹ̀, kò kan nǹkan kan. Ẹ fi òòfà náà kan ọ̀kan nínú wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀pá náà lè pọ́n bíi bàbà lójú, ṣùgbọ́n bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin líle ni, bàbà tí wọ́n fi bò ó lára lẹ ń rí. Bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìran idẹ ni. Jámánì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aago tó ní ọ̀pá báyìí ti ń wá, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bóyá ẹ ó rí orúkọ bíi Junghans, Hermle tàbí Kieninger. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá rí i.

Kí ló dé tí òòfà yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ bóyá ohùn ọ̀pá kan á ròkè tàbí á lọ sílẹ̀: bó ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó, àti bí ìró ṣe ń yára tó nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Gígùn ló lágbára jù nínú wọn. Ẹ gé ọ̀pá kan sí ìdajì, ohùn rẹ̀ á yára ní ìlọ́po mẹ́rin, tó túmọ̀ sí pé á fo dò méjì. Bí ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 bá ń dún dò, èyí tó máa dún dò òkè rẹ̀ gan-an kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀pá inú aago yín fi ga jura wọn lọ, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì fi pọ̀.

Ẹ wá wo ti ohun èlò. Nínú ọ̀pá irin líle, ìró ń sáré tó nǹkan bíi mítà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú idẹ, nǹkan bíi 3,500 ni. Nítorí náà, bí alágbẹ̀dẹ bá wo ọ̀pá irin yín tó kán, tó rọ ọ̀pá idẹ tó bá a mu ní gígùn àti ní nínípọn láìyẹ̀, ohùn rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti kọrin nínú kọ́áyà á mọ ohun tí mò ń sọ: níbi tí a ti ń retí dò, ohùn kan tó há sáàárín fà àti sọ̀ ti ìsàlẹ̀ ló máa jáde. Ohùn mẹ́rin péré sì ni orin tí ọ̀pọ̀ aago bẹ́ẹ̀ ń kọ: mì, rè, dò, pẹ̀lú sọ̀ ti ìsàlẹ̀. Orin Westminster ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì Great St Mary's ní Cambridge ni wọ́n ṣe é fún ní 1793, kó tó dé Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859. Nínú ohùn mẹ́rin, bí ọ̀kan bá ṣìnà, kò síbi tí yóò sá pa mọ́ sí.

Yàtọ̀ sí gíga ohùn, ohun èlò tún ń sọ bí ohùn náà ṣe máa dùn tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀pá tí a bá lù kì í mú ohùn kan ṣoṣo jáde. Ohùn kejì tó wà lára rẹ̀ yára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ó lé díẹ̀, ìkẹta ju ìlọ́po mẹ́tàdínlógún lọ. Àwọn ohùn òkè yìí ló ń ta ṣánṣán létí bí òòlù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọ̀pá. Gbogbo irin ló sì ń jẹ ìró mì díẹ̀díẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ooru, àmọ́ wọn kò jẹ ẹ́ bákan náà. Irin líle kì í tètè jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi mọ́, tó sì ń ta. Ọ̀pá idẹ máa ń rọ̀ díẹ̀ létí. Ẹ wá lu ọ̀pá òjé, á kàn ṣe “pọ̀”, ó parí. Nítorí náà ìdùnnú ẹni ló kù: ẹni tó fẹ́ ohùn tó ń tàn á yan irin, ẹni tó fẹ́ ohùn tó rọ̀ á yan idẹ. Èmi fúnra mi fẹ́ràn irin líle nínú ilé ńlá tó ní kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé, àti idẹ nínú yàrá tó jẹ́ sìmẹ́ńtì gbalasa.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ idẹ tan àbúrò yín jẹ. Ẹ ronú sí agogo ẹlẹ́nu méjì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Irin kan náà ni, iná kan náà ni, ọwọ́ ẹnì kan náà ló rọ ọ́. Síbẹ̀ ẹnu ńlá ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ẹnu kékeré ń dá a lóhùn lókè. Ẹ tún wo ṣaworo tó yí ìyá ìlù dùndún ká. Idẹ ni, àmọ́ kò jọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì rárá, torí ó kéré, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí nǹkan ṣe rí àti bí wọ́n ṣe gbé e kọ́ ń bá ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣiṣẹ́ pọ̀.

Èyí ni àlàyé aago ọ̀rẹ́ yín ní Ìbàdàn. Páìpù idẹ tó ṣófo nínú ló wà nínú rẹ̀, okùn ni wọ́n sì fi gbé e kọ́, wọn kò de orí rẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. John Harrington, ará Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní 1884, àwọn aláago sì tẹ́wọ́ gbà á kíákíá. Ohun àrà kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún ènìyàn. Ohùn jíjinlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, páìpù náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú un jáde. Àwọn ohùn òkè mẹ́ta kan ni páìpù ń mú jáde lágbára, tí wọ́n wà sí ara wọn bí 2, 3 àti 4. Etí wa á wá kó wọn jọ, á sì gbọ́ ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ dúró lé. Ohun tí ọ̀pá gbọọrọ kì í ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá rọ ọ̀pá idẹ mẹ́wàá fún yín ní Bida, kò sí ọ̀kan tí yóò dún bíi páìpù ti Ìbàdàn.

Agogo gidi náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ ṣe aago gíga báyìí, ní nǹkan bíi 1670, agogo kékeré kan ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbà bí ìdá 78 àti tánńganran bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pò fún agogo. Bàbà rọ̀, tánńganran rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀ báyìí, wọ́n á le, wọ́n á sì máa dún pẹ́ títí. Tánńganran yìí kò jìnnà sí wa. Òun ni wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Jos ní gbogbo ìgbà tí bàbá yín àgbà fi wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Àléébù ibẹ̀ ni pé ohun tó le bẹ́ẹ̀ tètè ń sán. Big Ben, agogo ńlá Westminster tí BBC ti ń gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láti òpin ọdún 1923, wúwo ju tọ́ọ̀nù 13 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1859; nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti sán. Òòlù tí wọ́n fi ń lù ú ti wúwo jù. Wọn kò dà á nù. Wọ́n yí i kí òòlù lè máa ba ibòmíràn lára rẹ̀, wọ́n sì fi òòlù tó fúyẹ́ rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ibi tó sán wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì wà lára ohun tó fún un ní ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Bida gidigidi. Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe sára àwo àti ìkòkò idẹ, kì í ṣe gbogbo ayé ló lè ṣe é. Àmọ́ iṣẹ́ tiwọn ni ẹwà ohun tí à ń fojú rí. Idẹ àlòkù tí wọ́n yọ́ lè wá látara ẹ̀rọ omi, òmíràn látara páìpù, òmíràn látara ìbọn ìgbàanì; òjé sì máa ń wà nínú idẹ ẹ̀rọ omi kó lè rọrùn láti gé. A ti rí ohun tí òjé ń ṣe sí ohùn. Ẹ jẹ́ kí Bida ṣe àwo tí ẹ ó gbé síwájú àlejò, kí ọ̀pá aago wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ọ̀pá aago.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sídìí ohun tó ṣe aago yín gan-an.

Ọ̀pá tínńrín kì í lè ti afẹ́fẹ́ tó ohun tí gbogbo ilé á fi gbọ́ ọ. Bí okùn gìtá ṣe nílò àpótí rẹ̀ ni ọ̀pá aago ṣe nílò pátákó tí wọ́n de búlọ́ọ̀kù mọ́. Pátákó yẹn ló ń kọrin sí yín létí. Bí ọyẹ́ bá dé Minna, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, pákó á gbẹ, á sún kì, síkúrù tó ti le dáadáa nígbà òjò á wá dẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó bá ti mì, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀ báyìí, á jẹ ohùn kó tó dé ara pátákó. “Sásásá” tí ẹ ń gbọ́ yẹn, níbẹ̀ ló ti sábà ń wá, tàbí láti ara pátákó tó là, tàbí láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn tí kò dì mọ́ férémù rẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ pátákó náà wò dáadáa bóyá ikán ti ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún bí ohun tó ti ṣófo.

Lẹ́yìn èyí ló kan òòlù. Ẹ ó rí awọ kékeré tàbí ike lórí òòlù kọ̀ọ̀kan. Awọ tó bá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún máa ń le gbagidi bí egungun, ọyẹ́ sì tún ń gbẹ ẹ́ sí i. Òòlù tó le ń jí àwọn ohùn òkè dìde ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn á wá ta jù, á ha etí. Bí òòlù náà bá sì ti tẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó ń gbé ara lé ọ̀pá lẹ́yìn tó lù ú, ohùn á kú síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó yẹ kí àlàfo bíi mílímítà 2 sí 3 wà láàárín òòlù àti ọ̀pá.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín rè é. Ẹ dá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù dúró. Ẹ mú pẹ́ńsùlù tó ní rọ́bà nídìí, ẹ fi rọ́bà náà lu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lápá òkè, nítòsí ibi tí òòlù rẹ̀ ti ń bà á. Bó bá dún dáadáa lọ́wọ́ pẹ́ńsùlù, àmọ́ tí kò dún dáadáa lọ́wọ́ òòlù, òòlù ló ṣe é. Bí gbogbo wọn bá há lọ́wọ́ pẹ́ńsùlù pẹ̀lú, ẹ mú síkúrùdíráfà tó bá a mu, ẹ rọra fún síkúrù búlọ́ọ̀kù, kí ẹ tún lù wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí inú yín dùn sí ohun tí ẹ ó gbọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló há láàárín wọn, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ọrùn rẹ̀, níbi tó ti wọ inú búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ ẹ tínńrín, ibẹ̀ ló sì ti sábà ń sán. Mo rò pé ibẹ̀ ni èyí tó kán ti kán pẹ̀lú.

Ẹ má tẹ ọ̀pá kankan láti fi tún àlàfo ṣe, á kán mọ́ yín lọ́wọ́. Wáyà òòlù ni wọ́n ń tẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òróró pa ọ̀pá, ẹ má sì fi sánńpépà họ ọ́. Aṣọ gbígbẹ ti tó. Pípààrọ̀ awọ òòlù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún aago ṣe, iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pá tuntun ló kù. Ẹ fi rúlà wọn àjákù méjèèjì, ẹ ro wọ́n pọ̀ ní mílímítà. Ẹ wọn bó ṣe nípọn tó láàárín. Ẹ wọn gígùn gbogbo àwọn tó kù láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ẹ ya àwòrán búlọ́ọ̀kù náà, kí ẹ sì kọ ohun tí òòfà sọ sí abẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara aago ní Èkó tàbí ọmọ yín tó wà lókè òkun á lè wá èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́. Irin ni kí ẹ fi rọ́pò irin, idẹ ni kí ẹ fi rọ́pò idẹ. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan ṣoṣo rà, ẹ ra búlọ́ọ̀kù odindi pẹ̀lú gbogbo ọ̀pá rẹ̀, tí wọ́n ti tún ohùn wọn ṣe pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Owó rẹ̀ á ju ti ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á bára wọn mu, ẹ sì lè tọ́jú ti bàbá sínú àpótí náà nísàlẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti àwọn ọmọ-ọmọ yín, wọn kò jẹ̀bi. Ẹ wo ojú aago náà dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 3 tàbí lókè lápá ibi tí wọ́n máa ń ya òṣùpá sí. Bí ẹ bá rí irin kékeré kan tó ń lọ sókè sódò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n fi ń pa ohùn rẹ̀. Ẹ fà á síbi tí orin ti ń dákẹ́ lálẹ́, kí ẹ dá a padà láàárọ̀. Ẹ má fà á nígbà tó bá ń dún lọ́wọ́ tàbí tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó dún, torí eyín rẹ̀ lè há síra wọn. Bí irin bẹ́ẹ̀ kò bá sí lójú tiyín, ẹni tó bá wá pààrọ̀ awọ òòlù lè bá yín wò ó bóyá àyè wà láti fi ọ̀kan sí i.